Àyàfi Mẹ́jọ

3.

…tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí ó ń ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, tí kì í sì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, nínú omi tàbí nínú ọ̀rá ara ènìyàn. Nítorí náà, a ti fi òfin de òògùn ikán yìí pátápátá, jákèjádò orílẹ̀-èdè, láti òní lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó,

àyàfi

(1) fún pákó, kí ikán má baà jẹ ẹ́;
(2) fún oko kòkó, ní ìgbà òjò;
(3) fún oko kòkó, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn;
(4) fún ìwádìí ní yunifásítì;
(5) fún òpó iná;
(6) fún ẹni tí ó ti ra tirẹ̀ pamọ́ kí òfin tó dé;
(7) fún ẹni tí kò bá rí òmíràn lò;
(8) fún ohunkóhun mìíràn tí Àjọ bá rí i pé ó tọ́.

4.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó jọ pé Yorùbá ni ẹni tó kọ àyàfi kẹjọ.

5.

Ẹ óò béèrè ojú ìwé kìíní àti ìkejì. Ikán ti jẹ wọ́n, nínú kọ́bọ́ọ̀dù Àjọ tó ń mójú tó kẹ́míkà eléwu gan-an. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò tíì gba ìyọ̀ǹda.

6.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí já lé lórí ni Àbíbátù Ràímì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ omi, ilẹ̀ àti oúnjẹ wò ní lábù yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá rẹ̀, Alhaji Ràímì, ló ni sọ́míìlì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ènìyàn mọ́kànlélógójì ti ń jẹun. Lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá ti la igi tán, pákó á kọ́kọ́ wọnú àgbá òògùn ikán, á wẹ̀, á gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gé etí rẹ̀ kí ó gún régé. Bí bàbá Alhaji ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí Alhaji náà sì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí ariwo òfin tuntun dé Ìjẹ̀bú-Igbó, gbogbo ilé jókòó sí pálọ̀, wọ́n sì gbójú lé Àbíbátù. Ọmọ tó bá kàwé nínú ilé, òun ni ìyá gbogbo fọ́ọ̀mù. Ó kún fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ní ọjọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó rẹwà. Inú rẹ̀ dùn bí ó ṣe ń kún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

7.

FỌ́Ọ̀MÙ ÌBÉÈRÈ FÚN ÌYỌ̀ǸDA

Ìbéèrè 6. Kí ni ẹ fẹ́ fi òògùn náà ṣe?
*A fẹ́ fi tọ́jú pákó.*

Ìbéèrè 9. Ǹjẹ́ ẹ ti gbìyànjú ohun mìíràn tí kò léwu?
*A ti gbìyànjú àdúrà.*
(Alhaji ló sọ ìyẹn. Ó ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.)

Ìbéèrè 14. Báwo ni ẹ ṣe ń palẹ̀ pàǹtírí iṣẹ́ yín mọ́?
*Kò sí pàǹtírí lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ìyẹ̀fun pákó àti àjákù pákó ni a ń kó fún àwọn ará Ibíadé lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan kan kì í ṣòfò.*

Ìbéèrè 15. Orúkọ àti ìfọwọ́sí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí.
*Àbíbátù A. Ràímì.*

8.

LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ÀJỌ

A fún yín ní ìyọ̀ǹda lábẹ́ àyàfi kìíní. Ìdáhùn yín sí ìbéèrè kẹrìnlá wú wa lórí. À ń fi í han àwọn onísọ́míìlì yòókù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ rere.

Àbíbátù fi férémù sí i. Ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì bàbá rẹ̀, lókè ibi tí kàlẹ́ńdà wà.

9.

Sàárà ni.

Ọmọ Ibíadé, ìlú etídò, ni ìyá tó bí Alhaji. Ẹja ló ń yan, owó ẹja yíyan ló sì fi rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ igi. Nígbà tí ìyá náà kú, Alhaji jẹ́jẹ̀ẹ́ pé igi kò ní í wọ́n àwọn obìnrin ìlú ìyá òun mọ́ láyé. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, Bashiru awakọ̀ á di ìyẹ̀fun àti àjákù pákó kún ọkọ̀, ó di Ibíadé. Alhaji á gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀, á ṣe àdúrà fún òkú ìyá rẹ̀, á sì sọ pé kí Ọlọ́run gbà á ní ìbádà.

Ọdún mọ́kàndínlógún. Kò yẹ̀ rí. Òjò kì í dá a dúró, ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù kì í dá a dúró. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ohun tó wà nínú omi.

10.

Ohun tí a mọ̀ nípa ẹja Ibíadé tí wọ́n fi igi sàárà yan:

— Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dáadáa.
— Kì í bu.
— Kòkòrò kì í jẹ ẹ́, bí ó pẹ́ oṣù mẹ́ta.
— Eṣinṣin kì í bà lé e.

Lọ́jà Abígi, bí oníbàárà bá dé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wò ni eṣinṣin. Níbi tí eṣinṣin kò bá sí, ibẹ̀ ni yóò ti rà. Àwọn obìnrin náà ní àlùbáríkà sàárà ni. Eṣinṣin tí kò lọ sílé ìwé rí ti mọ ohun tó yẹ kí Àjọ mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fún eṣinṣin ní fọ́ọ̀mù?

11.

Ọ̀RỌ̀ OHÙN LÓRÍ FÓÒNÙ. Àsímáù, àbúrò Alhaji lọ́mọ ìyá, olórí ẹgbẹ́ àwọn aláyanja Ibíadé, sí Àbíbátù. (Bí ó bá ní «aghọn», «wọ́n» ló ń wí.)

«Àbíbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dáadáa lo wà? Mọ̀ ń kí ẹ o. Mọ̀ ti di ẹja fún ẹ, Bashiru á gbé e bọ̀. Má fi sínú fíríìjì, è é bàjẹ́. Ẹ̀n-ẹ́n, ìyàwó Rùfáì ọmọ mi ti tún lóyún o, alhamdulilahi. Ó ti wọ oṣù márùn-ún. O mọ̀ pé méjì ti wálẹ̀ lára ẹ̀. Aghọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Èmi mẹ̀ẹ́ mọ̀. Ìdí ààrò lí mo ń jẹ́ kó jókòó sí, kó má rìn kiri, kí ojú aráyé má baà rí i. Bá wa ṣàdúà.»

12.

Àbíbátù tún ọ̀rọ̀ ohùn náà gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wo ẹja tí Bashiru gbé dé, lórí tábìlì. Fèrèsé lábù ṣí sílẹ̀ gbayawu, eṣinṣin mẹ́ta sì ń yí ife tíì tí ẹnì kan gbàgbé ká. Kò sí ọ̀kan tó yà sí ìdí ẹja.

Ó bu díẹ̀ lára rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

13.

Ìwọ̀n òògùn ikán tí òfin fàyè gbà nínú oúnjẹ: 0.

Ìwọ̀n tó wà nínú ẹja Àǹtí Àsímáù: kì í ṣe 0.

14.

Ó fọ ohun èlò, ó tún un yẹ̀ wò.
Ó pààrọ̀ ohun èlò, ó tún un yẹ̀ wò.
Ó ra ẹja ẹlòmíràn ní ọjà Awà, ó yẹ ìyẹn wò: 0.
Ó padà sí ti Ibíadé.
Ó jókòó.

15.

ÌTÀKÙRỌ̀SỌ. Àbíbátù àti Ọ̀gbẹ́ni Ernest, ọ̀gá lábù, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà, ẹni tí kì í fẹ́ wàhálà ṣáájú àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

ERNEST: Ta ló ní kó o yẹ ẹja wò?
ÀBÍBÁTÙ: Kò sẹ́ni tó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, sà.
ERNEST: Ẹ̀n-ẹ́n. A jẹ́ pé àyàfi kẹrin ni. Ìwádìí. Kò sí òfin tó o rú.
ÀBÍBÁTÙ: Mi ò sọ pé mo rúfin, sà. Àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́.
ERNEST: Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn. Jíjẹ kò sí nínú ìwé. Títọ́jú pákó wà níbẹ̀. Bàbá yín tọ́jú pákó, àbí kò tọ́jú ẹ̀?
ÀBÍBÁTÙ: Ó tọ́jú ẹ̀.
ERNEST: Wọ́n béèrè ibi tí pàǹtírí ń lọ, àbí wọn ò béèrè?
ÀBÍBÁTÙ: Wọ́n béèrè.
ERNEST: Ta ló dáhùn?

(Àbíbátù yí ìwé èsì náà dojú délẹ̀.)

ERNEST: Àbíbátù, ta ló fọwọ́ sí i?

16.

Òun ló fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé ó purọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ló kọ, ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára kọ ọ́, Àjọ sì kà á, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láàrin ọmọ tó kàwé àti ìjọba tó mọ̀wé, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni àwọn ará Ibíadé ń fi àjákù pákó ṣe. Ó mọ̀, nítorí pé ìdí ààrò náà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní gbogbo ìgbà ọlidé. Ó mọ̀ ọ́n nílé, ó gbàgbé rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò lè jẹun.

17.

ÌTÀKÙRỌ̀SỌ. Àbíbátù àti bàbá rẹ̀. Sọ́míìlì, Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ̀rọ ìlagi ń dún lẹ́yìn, nítorí náà wọ́n ń pariwo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

ÀBÍBÁTÙ: Bàbá, òògùn ikán wà nínú ẹja.
ALHAJI: Ẹja kí ni? Ikán ń jẹ ẹja ni?
ÀBÍBÁTÙ: Nínú èéfín, Bàbá. Pákó tá a ti rì sínú òògùn la ń gé etí ẹ̀. Etí yẹn lẹ fi ń ṣe sàárà.
ALHAJI: Sàárà mi?
ÀBÍBÁTÙ: Ẹ má bínú.
ALHAJI: Sàárà tí mọ̀ ń ṣe fún ìyá mi?

(Alhaji pe ẹnì kan pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kú. Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú.)

ALHAJI: Ìyàwó Rùfáì…
ÀBÍBÁTÙ: Mi ò lè búra, Bàbá. Mi ò sì lè sọ pé òun kọ́.
ALHAJI: Tó o bá kọ ọ́ sí ìjọba, kí lí aghọn máa ṣe?
ÀBÍBÁTÙ: Wọ́n á gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wa. Sọ́míìlì á tì.
ALHAJI: Tó ò bá kọ ọ́ ńkọ́?

(Àbíbátù ń gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀.)

ALHAJI: Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Èmi ti ṣubú, mo ti wo ẹ̀yìn, ìyá mi lí mo rí níbẹ̀. Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tó o fi ránṣẹ́.

18.

Nọ́ńbà 18 wà. A kò ní í gbé e síbí. Ohun tí àgbàlagbà ṣe nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ lọ ni. Ẹkún ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

19.

Ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n kírun tán. Bashiru dúró ti ọkọ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

20.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́. Àsímáù sí Àbíbátù. Ìyàwó Rùfáì ló ń bá a tẹ̀ ẹ́.

*Jímọ̀ àkọ́kọ́:* Àbíbá, ṣé ọkọ̀ Bashiru bàjẹ́ ni?

*Jímọ̀ kejì:* Kí la fi ṣẹ bàbá ẹ? Ẹ jọ̀ọ́, kó dárí jì wá. Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ ìyá wa tí mo sọ̀rọ̀ lé nígbà ọdún, mo ti gbà pé tiẹ̀ ni.

*Ọjọ́ Àìkú:* O pè, mo gbọ́ ohun tó o sọ. Òògùn kẹ̀? Ọdún mọ́kàndínlógún la ti ń jẹ ẹ́, a ò kú. Àwọn tó kú, ikú tiwọn ló pa wọ́n.

*Jímọ̀ kẹta:* Igi oko la fi yan ti ọ̀sẹ̀ yìí. Eṣinṣin bò ó bí ẹní bo òkú. Oníbàárà Abígi wò ó, wọ́n kọjá.

*Ọjọ́rú:* Má ṣèyọnu mọ́. A ti rí sọ́míìlì mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn náà. Aghọn máa ń rì í sínú òògùn kan náà, pákó tiwọn tiẹ̀ gbẹ ju ti bàbá ẹ lọ. Wọ́n ní ìwé ìjọba wọn pé.

21.

Gbogbo wọn ló ní ìwé. Sọ́míìlì mẹ́rìnlá. Àpẹẹrẹ rere ti tàn kálẹ̀: nínú fọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrìnlá kò fi ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí ti Àbíbátù. Wọ́n dà á kọ, wọ́n tún da àṣìṣe àmì ohùn rẹ̀ kọ.

22.

Lẹ́tà Àbíbátù sí Àjọ, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀:

~~Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ̀wé yìí láti~~
~~Ó dùn mí láti fi tó yín létí pé ìdáhùn tí ẹ yìn~~
~~Ẹ jọ̀ọ́, aláboyún kan wà ní Ibíadé tí~~
*Wọ́n ń fi pákó olóògùn yan ẹja. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ dá a dúró, ní gbogbo sọ́míìlì mẹ́rìnlá, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti bàbá mi.*

23.

Ó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sọ fún bàbá rẹ̀.

24.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ÀJỌ

A ti gba lẹ́tà yín.

A ti gba lẹ́tà yín. Ẹ má fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí.

Lẹ́tà yín ti wà lórí tábìlì ọ̀gá.

Ọ̀gá ti rin ìrìn-àjò.

Ọ̀gá ti dé. À ń wá tábìlì.

25.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn tí ọkọ̀ Bashiru dúró, Àbíbátù gun ọkọ̀ lọ sí Ibíadé fúnra rẹ̀. Ó bá ìyàwó Rùfáì ní ìdí àgbá ìyanja, ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa, ojú rẹ̀ sì pọ́n nítorí èéfín. Ó ní kó dìde. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i. Ìyàwó Rùfáì rẹ́rìn-ín, ó bi í pé tí òun bá dìde, ta ni yóò yí ẹja. Àǹtí Àsímáù sì ní kó jẹ́ kí aboyún simi, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ọmọ yunifásítì jù.

Ó padà sí Àgọ́-Ìwòyè pẹ̀lú ẹja mẹ́fà nínú lọ́rá. Wọ́n fi tipátipá fún un ni. Àlejò kì í ti ìlú ìyá bàbá rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.

26.

LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ÀJỌ

Arábìnrin Ràímì,

A dúpẹ́ gidigidi. Ìwádìí yín ti ṣí wa lójú sí lílò kan tí òfin kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọ ti jókòó lé e. A rí i pé bí a bá dá a dúró lójijì, yóò pa àwọn obìnrin etídò lára. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lòdì sí òfin. Nítorí náà, a ti fi kún òfin:

(9) fún yíyan ẹja ní etídò, fún ọdún méjì, a sì lè sún un síwájú.

Kí lílò náà má baà dúró, a pàṣẹ kí Alhaji Ràímì máa bá iṣẹ́ àánú rẹ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, láìyẹ̀. Bí ó bá yẹ̀, ìyọ̀ǹda rẹ̀ yóò bọ́.

A ti yan ẹ̀yin fúnra yín gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ aláyanja Ibíadé. Láìsí ìfọwọ́sí yín, wọn kò ní í lè yan ẹja tà mọ́.

27.

Alhaji kà á. Ó kà á sókè, ó kà á sínú. Ó ní láyé òun, òun kò gbọ́ ọ rí pé ìjọba ń fi tipá múni ṣe sàárà.

28.

ÌKÉDE. Lára ògiri gbọ̀ngàn, Ibíadé.

Ẹ yan ẹja níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà.
Ẹ fi aṣọ bo imú.
Aláboyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín, àyàfi bí kò bá sí ẹlòmíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà.

29.

Kò sí ẹlòmíràn.

30.

Ọ̀RỌ̀ OHÙN LÓRÍ FÓÒNÙ. Àsímáù sí Àbíbátù.

«Àbíbá! Ọmọ tó jọmọ! Ìjọba ti mọ̀ wá o! Aghọn gbé fọ́ọ̀mù wá láti Abígi, aghọn ní ìwọ lo sọ̀rọ̀ wa fún wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣàdúà fún ẹ. Ọkọ̀ Bashiru náà ti dé padà, mẹ̀ẹ́ tiẹ̀ mọ ohun tí mọ̀ lè sọ. Ẹ̀n-ẹ́n, aghọn ní kí olórí ẹgbẹ́ tẹ àtàǹpàkò sí i. Mo tẹ̀ ẹ́, kò hàn. Mo nù ún, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kàn ń dán lórí ìwé ni. Ọkùnrin Àjọ yẹn wo ìka mi, ó ní kò sí ìlà níbẹ̀ mọ́, ó ní ṣé iná ló jó o ni. Mo ní iná kankan ò jó mi, ó kàn ń bó díẹ̀díẹ̀ ni. Ìyàwó Rùfáì lí ó wá bá mi tẹ̀ ẹ́. Tiẹ̀ ṣì hàn dáadáa. Ìfọwọ́sí tìẹ ló kù. Bashiru á gbé e wá fún ẹ, o máa bá wa fọwọ́ sí i kíá, àbí? Àbíbá? Ẹja wà lórí iná.»

31.

*Àbíbátù ń tẹ ọ̀rọ̀…*

*Àbíbátù ń tẹ ọ̀rọ̀…*